Iṣu Adoríkodò ti Ọ̀gá Eustache

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ kọ́kọ́ dìde ná. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ó tó, ẹ lè jókòó. Kì í ṣe èmi ni mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀gá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, nítorí inú rẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níbì kan tí kò gbọ́ àtẹ́wọ́. Eustache ni orúkọ rẹ̀. Oyè rẹ̀ ni Olùdarí Àgbà fún Fíìmù Ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀dá, Sáyẹ́ǹsì àti Àwùjọ ní Gbogbo Ilé-Ẹ̀kọ́ Orí Òkè àti Ìsàlẹ̀ Òkè. Ẹni tó bá lè pe oyè náà tán láì mí, kó dúpẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dára. Àwọn ará Dassa kò ráyè ìyẹn, Dirẹ́tọ̀ lásán ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń dùn ún díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi í sípò, wọ́n fún un ní ilé oníyàrá mẹ́rin kan lẹ́bàá títì ọlọ́dà tó lọ sí Parakou, kó fi ṣe bírò. Wọ́n fún un ní kámẹ́rà kan, àti ẹ̀rọ kan tó ń gbé àwòrán fíìmù sára ògiri. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá láti Cotonou sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n máa gbé e káàkiri ilé-ẹ̀kọ́ àwọn abúlé, kí ọmọ tí kò dé etí òkun rí lè rí òkun, kí ọmọ tó ń mu omi kànga sì lè rí ohun tó ń rìn nínú ẹ̀kán omi kan. Ọ̀gá Eustache ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí i pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Irú ẹ̀rọ báyìí, kó máa jó lórí alùpùpù lọ sí oko? Ó gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tirẹ̀, ó fi léèsì funfun bò ó, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ wo fíìmù, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá.

Fíìmù wo ni wọ́n wá ń wò? Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín. Ogójì ìṣẹ́jú ni fíìmù nípa ikán. Ọ̀gá Eustache sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì nínú rẹ̀, ikán kan sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ nígbà tó ń parí lọ. Nínú fíìmù nípa òṣùpá, ó dúró síwájú òṣùpá. Nígbà tó kan fíìmù nípa afẹ́fẹ́, wọ́n bi í pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ya ohun tí ojú kò rí. Ó wọ agbádá, ó gun orí òkè kan, ó dúró síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi kó sínú agbádá náà tó sì wú gọ̀dọ̀gbà. “Afẹ́fẹ́ nìyẹn,” ni ó wí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni fíìmù nípa àwùjọ, nítorí òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, lórí àga onítìmùtìmù.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni orúkọ rẹ̀ máa ń jáde nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan, àṣẹ sì wà pé ìgbàkígbà tó bá jáde, kí gbogbo ènìyàn dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Armel, akọ̀wé rẹ̀, ló dá àbá náà. Armel yìí jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí pé ìdìde-ìjókòó náà ń dun àwọn ènìyàn lórúnkún, àánú sì ṣe é, ó ní kí wọ́n kúkú kó gbogbo àga kúrò nínú yàrá fíìmù. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tó ti ń rìn láti ìdájí ti ń wo fíìmù lóòró.

Ẹnì kan ṣoṣo tó kù ní bírò náà ni Fidèle, ẹni tó ń ya àwòrán. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀gá ti pàṣẹ fún un pé níbikíbi tí òun bá wà, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ sinmi, nítorí ìtàn ń lọ lọ́wọ́. Àfi tí ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ kígbe pé “Coupez!” ni kó tó pa á. Fidèle ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó nílò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún, ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti Cotonou ní oṣù kẹjọ wá wo iṣẹ́ bírò náà, àti pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa darí fíìmù ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá Eustache ti ń fọwọ́ sí ìwé bí ẹni tó ti wà ní Cotonou. Ó pe Armel.

“Mo fẹ́ ya fíìmù kan ṣoṣo tí ẹ̀dá, sáyẹ́ǹsì àti àwùjọ yóò wà nínú rẹ̀ pọ̀. Iṣu! Ẹ̀dá ni iṣu. Bó ṣe ń ta, sáyẹ́ǹsì ni. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́, àwùjọ ni.”

“Ha! Ọ̀gá mi!” Armel di orí mú. “Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jẹ iṣu, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ronú kàn án!”

Ìṣòro kékeré kan wà níbẹ̀: wọ́n ti wa iṣu tán ní oṣù kejì, èèbù tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn. Èyí kò dí ọ̀gá lọ́wọ́. Wọ́n ra iṣu ńlá márùn-ún lọ́jà Dassa, lọ́wọ́ Ràhímọ́tù tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Mọ́ṣúdù. Obìnrin yìí ní àmì tó máa ń fi èédú kọ sára iṣu rẹ̀, ilà mẹ́ta àti róbótó kan, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé iṣu márààrún lọ sí oko Bàbá Ignace ní Soclogbo, kí ọ̀gá lè bò wọ́n mọ́ inú ebè, kó sì tún hú wọn lójú kámẹ́rà.

Kóòtù ni ọ̀gá wọ̀ lọ sóko, pẹ̀lú táì pupa. Ó gbé iṣu àkọ́kọ́, ó sì ki orí rẹ̀ bọ inú ebè. Ìdí iṣu náà wá yọ sókè, ó ń wo ojú ọ̀run.

Bàbá Ignace na ọwọ́ sókè díẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ ti dorí rẹ̀ kodò. Òkè ni orí ń wà, níbi tí ìtàkùn ti ń yọ.”

Ọ̀gá Eustache wo ìdí iṣu náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ilé tí wọ́n ti bí i kò jìnnà sí oko náà. Ọdọọdún ni ìyá rẹ̀ ń wa iṣu, òun ló sì máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni Bàbá Ignace ń sọ. Bó bá ṣe pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà lóko, ì bá ti yí iṣu náà padà, wọn ì bá sì ti rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, Armel sì ti pàtẹ́wọ́.

“Bàbá,” ni ó wí, “ẹ̀yin mọ iṣu, èmi sì mọ fíìmù. Orí iṣu yìí rí págunpàgun, kò yẹ kámẹ́rà.”

Ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, márààrún. Ó tún hú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì èédú Ìyá Mọ́ṣúdù sì ń tàn lójú fíìmù. “Ẹ̀yin ọmọ,” ni ó ń pariwo, “ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń bí iṣu!” Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí Bàbá Ignace wá kọ ebè ńlá kan síwájú bírò fún ìrántí ọjọ́ náà, kó sì gbin èèbù sínú rẹ̀ ní adoríkodò, bí ti inú fíìmù. Bàbá Ignace gbìn ín bí wọ́n ṣe ní kó gbìn ín. Ó ní ìyókù wà lọ́wọ́ ilẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi òkúta tí wọ́n kùn lẹ́fun yí ebè náà ká. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀: EBÈ ÌRÁNTÍ. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bírò, ó ní láti tẹ̀ba díẹ̀ kó kí i. Armel a máa bi í léèrè bí ó ṣe sùn.

Ilé-ẹ̀kọ́ Soclogbo ló kọ́kọ́ wá wo fíìmù iṣu. Victoire, olùkọ́ wọn, ló kó ọmọ kíláàsì karùn-ún wá, ọmọ mọ́kànlélógójì, eruku ọ̀nà dé wọn lórúnkún. Wọ́n dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ní ìgbà mẹ́rìnlá. Nígbà tí ìdí iṣu wá yọ lójú ògiri, tí ọ̀gá sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ wojú ara wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marlène gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ̀rín náà gba imú rẹ̀ jáde, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín gbà-à.

Iná tàn. “Ta ló ń fi sáyẹ́ǹsì rẹ́rìn-ín?” ni ọ̀gá Eustache bi wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú,” ni Victoire wí. “Ohun tí wọ́n ń rí lóko ni wọ́n fi wé e.”

“Oko? Madame, kí ni oko mọ̀? Ṣé oko ní dìpúlómà ni?”

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ló fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Mo rí ẹ̀dà kan, ojú mi ni mo fi kà á. Ó ní láti òní lọ, iṣu gbogbo agbègbè yìí yóò máa ta ní adoríkodò, gẹ́gẹ́ bí fíìmù ìjọba ti fi hàn. Iṣu tó bá ti wà nínú ilẹ̀ ṣáájú ìwé yìí ní àyè títí di ìparí oṣù láti yí ara rẹ̀ padà. Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ bá ṣorí kunkun, kí ó wá fi orúkọ iṣu náà sílẹ̀ ní bírò. Àgbẹ̀ mẹ́ta wá lóòótọ́. Armel fi gègé kọ orúkọ irú iṣu wọn sínú ìwé ńlá: Labókò, Labókò, Labókò.

Bó bá mọ síbẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín ká lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí ìdánwò ìparí ọdún nípa ẹ̀dá àti sáyẹ́ǹsì, ó sì ti ìbéèrè kan bọ inú rẹ̀: Níbo ni orí iṣu ń wà nínú ebè? Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá kùnà ìbéèrè yìí ti kùnà gbogbo ìdánwò. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù, àwọn olùkọ́ ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ “ìsàlẹ̀” kí wọ́n sì máa lọ sílé. Victoire kò lè sọ irú rẹ̀ fún ọmọ tó kọ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì kọ “òkè”, ọmọ mọ́kànlélógójì sì gba òdo. Wọ́n ní kí gbogbo wọn tún kíláàsì karùn-ún ṣe.

Victoire wá sí bírò ní ọjọ́ kejì tí èsì jáde. Ó bá ọ̀gá lórí àga, Fidèle ń yà á bó ṣe ń ronú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.”

“Madame Victoire. Ṣé ẹ ti kí Ebè Ìrántí?”

“Mo ti kí i.”

“Ẹ tẹ̀ba?”

“Mo tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá, nítorí àwọn ọmọ ni mo ṣe wá. Ìyá Marlène ti sọ fún mi pé bí kò bá kọjá lọ́dún yìí, kò ní padà sílé-ẹ̀kọ́ mọ́, ọjà ni yóò máa bá òun lọ. Irú rẹ̀ tó mẹ́jọ nínú kíláàsì mi. Wọn ò ṣẹ̀ yín, ọ̀gá. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n kọ.”

Ọ̀gá Eustache tún táì rẹ̀ ṣe kí kámẹ́rà lè rí i dáadáa. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín, Madame. Iṣu àti ìjọba, èwo ló tóbi jù?”

“Ìjọba ni, ọ̀gá.”

“Ta ló ya fíìmù náà?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ṣé iṣu ti ya fíìmù rí?”

“Rárá o.”

“Voilà! Ọ̀rọ̀ parí.”

“Kò tíì parí, ọ̀gá.” Victoire na ọwọ́ sí ìta. “Ebè kan wà níta yẹn tí gbogbo wa ń kí láràárọ̀. Bí ẹ ṣe ní kí wọ́n gbìn ín ni wọ́n ṣe gbìn ín. Tó bá gbó, ẹ jẹ́ ká wa á. Bí orí bá wà nísàlẹ̀, àwọn ọmọ á tún kíláàsì ṣe, èmi náà á sì lọ sí ibikíbi tí ẹ bá gbé mi lọ. Bí orí bá wà lókè, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá.”

Ọ̀gá Eustache rántí ọjọ́ tí Bàbá Ignace na ọwọ́ sókè. Ì bá dáa bó bá tẹ́tí sí i. Àmọ́ Armel ti ń fò sókè lẹ́nu ọ̀nà: “Lójú ìgbìmọ̀, ọ̀gá! Lójú Cotonou!” Ojú ọ̀gá sì là. Ó rí ara rẹ̀ níwájú èrò, ọkọ́ onídẹ lọ́wọ́, ìtàn ń lọ lọ́wọ́.

“Lọ́sẹ̀ àjọ̀dún Màríà ní Arigbo,” ni ó kéde, “tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ láti gbogbo ilẹ̀ bá kún ìlú, iṣu yóò fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí mi!”

Oṣù kẹjọ dé. Ìtàkùn Ebè Ìrántí ti gun igi, ó ti yí pátákó ká, ó ti bo lẹ́tà méjì nínú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ńlá náà, Armel ki ìka bọ ebè wò. Ìka rẹ̀ kan orí iṣu, níbi tí orí iṣu ń wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Òógùn bò ó. Kò sọ fún ọ̀gá, nítorí kò sọ nǹkan tí ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́ fún un rí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kọjá sí ọjà.

“Ìyá Mọ́ṣúdù, mo fẹ́ iṣu ńlá kan.”

“Gígún ni àbí sísè?”

“Ti ìjọba ni.”

“Ìjọba kì í gún un ni?” Ó mú ọ̀kan tó tóbi fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ńlá náà ń mọ́ bọ̀, Armel kúnlẹ̀ ti ebè, ó ń fi ọwọ́ tú u. Ó fẹ́ yọ iṣu tòótọ́ kúrò kó fi ti ọjà rọ́pò rẹ̀ ní adoríkodò. Àmọ́ iṣu tòótọ́ náà sanra, ó sì ti wọlẹ̀ ṣinṣin, kò mì. Bó ṣe ń fà á ló gbọ́ ikọ́ Bàbá Ignace tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Ó sáré ki iṣu ọjà sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, orí nísàlẹ̀, ó bò ó, ó sì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Báyìí ni iṣu méjì ṣe wà nínú ebè kan, ẹ̀yin àti èmi àti Armel nìkan la sì mọ̀.

Nígbà tí oòrùn fi máa yọ dáadáa, èrò ti kún ẹ̀bá títì. Àwọn tó ń lọ sí Arigbo dúró wò, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ wọn, akèrègbè omi lórí wọn. Àwọn oníṣòwò ti ọjà wá, Ìyá Mọ́ṣúdù wà láàárín wọn. Ọmọ mọ́kànlélógójì láti Soclogbo dúró lẹ́yìn Victoire, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Marlène di etí aṣọ Victoire mú. Olórí ìgbìmọ̀ láti Cotonou ni Madame Dorothée, olùkọ́ àtijọ́ kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

Ọ̀gá Eustache sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti díẹ̀. Ó kí afẹ́fẹ́, ó kí ilẹ̀, ó kí ara rẹ̀. “Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ní ó yí Dassa ká,” ni ó wí níkẹyìn. “Irọ́ ni! Èmi tí mo dúró síwájú yín yìí ni òkè kejìlélógójì!”

Armel pàtẹ́wọ́. Ewúrẹ́ kan ké.

Ọ̀gá gbé ọkọ́ onídẹ, ó wa ebè náà lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan sì yọ. Ìdí iṣu ni! Ó ju ọkọ́ nù, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ tòun ti kóòtù, ó sì fa iṣu náà jáde. Ọmọ mọ́kànlélógójì wo orí tó wà nísàlẹ̀. Marlène bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, Victoire sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò yé Victoire. Ó mọ iṣu bó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ti ń ro ibi tí wọn yóò gbé òun lọ.

“Ẹ wò ó!” Ọ̀gá gbé iṣu náà sókè. “Ẹ̀yin ará Cotonou, ẹ wò ó! Ìdí lókè, orí nísàlẹ̀!”

Bàbá Ignace ń wo ibòmíràn. “Ọ̀gá,” ni ó wí, “iṣu ti jáde, ìtàkùn rẹ̀ kò bá a jáde. Kí ni ìtàkùn yẹn wá so mọ́?”

Gbogbo ojú yí sí ebè. Òótọ́ ni, ìtàkùn náà dúró síbẹ̀ ṣinṣin, kò tiẹ̀ rọ.

Madame Dorothée dá abẹ̀bẹ̀ dúró. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wa á lọ.”

Bàbá Ignace fi ọwọ́ wa á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣu kejì yọ, ó tóbi tó ọmọ ọdún kan, ilẹ̀ tútù lẹ̀ mọ́ ọn lára. Orí rẹ̀ wà lókè, ìtàkùn so mọ́ ọn. Òórùn iṣu tuntun gba afẹ́fẹ́ kan.

Òórùn yẹn dé imú ọ̀gá Eustache, ó sì rántí ìyá rẹ̀. Ó rántí bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ bí Bàbá Ignace ṣe kúnlẹ̀ yẹn, tó máa ń gbọn ilẹ̀ kúrò lára iṣu kó tó gbé e fún un. Ojú ro ó. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: mo ṣì í. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí kámẹ́rà Fidèle, àyà rẹ̀ sì tún wú.

“Ẹ má dààmú, ẹ̀yin aráàlú!” ni ó pariwo. “Iṣu méjì ló wà níbí. Èyí tí mo mú lọ́wọ́ yìí ni iṣu ìjọba. Ìyẹn tó kọjú sókè, iṣu aládàáni ni!”

“Ìjọba wo?” Ìyá Mọ́ṣúdù ti já gba àárín èrò wá. “Iṣu mi nìyí! Ẹ wo àmì mi, ilà mẹ́ta, róbótó kan! Armel yìí ló rà á. Mo tún bi í pé gígún ni àbí sísè!”

Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ẹ̀gbẹ́ òkè. Àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń rẹ́rìn-ín, akèrègbè ń mì lórí wọn. Ọmọ mọ́kànlélógójì ń fò sókè, Victoire sì jókòó sórí òkúta ẹlẹ́fun kan, ó bo ojú rẹ̀.

“Armel!” ni ọ̀gá ké.

Armel ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madame Dorothée. “Ẹ bi gbogbo ayé, Madame,” ni ó ń wí, “láti oṣù kejì ni mo ti ń sọ fún un pé òkè ni orí ń wà.”

Ọ̀gá Eustache gun orí Ebè Ìrántí. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó pe oyè rẹ̀ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dúró de àtẹ́wọ́. Kò sí. Ebè náà wó lábẹ́ bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá ń rì lọ sísàlẹ̀, ó ń pe oyè náà lẹ́ẹ̀kejì. Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé láti sọ: kò kígbe “Coupez!” Fidèle sì jẹ́ ẹni tó ń gba àṣẹ.

Ọjọ́ kan náà ni Madame Dorothée fọwọ́ sí i pé kí ọmọ Soclogbo mọ́kànlélógójì kọjá sí kíláàsì kẹfà. Wọ́n pa bírò náà dé. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri abúlé bí wọ́n ti kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá Eustache ló sì kàn kó máa gbé e kiri, nítorí òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tó tì í mọ́. Bí ẹ bá kọjá lọ́nà Soclogbo, ẹ lè rí i lẹ́yìn ọlọ́kọ̀ alùpùpù, ẹ̀rọ lórí itan rẹ̀, léèsì funfun lórí ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì ń jó bí ọ̀nà ṣe ń gbé wọn.

Fíìmù tí Fidèle yà lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń wò jù lọ báyìí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni. Ẹ̀dá wà nínú rẹ̀, sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, àwùjọ sì kún un fọ́fọ́. Ọ̀gá Eustache ló ti fẹ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ó sì rí i yà.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, ó gbé e dé Soclogbo. Wọ́n ta aṣọ bo fèrèsé kí oòrùn má wọlé. Marlène jókòó níwájú, nínú kíláàsì kẹfà. Ọ̀gá wà lẹ́yìn pátápátá, ó dúró ti ẹ̀rọ. Ó ń wo ara rẹ̀ bó ṣe ń gbé iṣu ọjà sókè, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ, kò sì mọ ibi tí yóò fojú sí. Nígbà tí fíìmù parí, orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ògiri: Bàbá Ignace, Ìyá Mọ́ṣúdù, Fidèle. Níkẹyìn pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ tirẹ̀ jáde.

Àtẹ́wọ́ dún nínú òkùnkùn náà. Àwọn ọmọ yíjú padà láti wo ẹni tó ń pa á. Ọ̀gá Eustache ló na ara rẹ̀ ró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́ kí òun gan-an tó mọ̀.

Victoire ká aṣọ fèrèsé kan sókè. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jókòó, ọ̀gá,” ni ó wí. “Àga wà níbí.”